Ẹ Múra Sílẹ̀ De Ìjì Àkọ́rọ̀

Ọyẹ́ ti ń palẹ̀ mọ́. A kò tún gbọ̀n ní òwúrọ̀ bí ti oṣù Kìíní mọ́. Oòrùn ń mú ganrínganrín ní ọ̀sán, ilẹ̀ gbẹ táútáú, eruku sì bo páànù gbogbo ilé ní Kabba àti àyíká rẹ̀. Àsìkò yìí ni tọmọdé tàgbà ń gbójú sókè, tí wọ́n ń tọrọ òjò. Èmi náà ń tọrọ rẹ̀, nítorí kànga wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún ni mo ń rí àwọn tí òjò tí a tọrọ náà ń rán wá sí ẹnu ọ̀nà dìsípẹ́ńsárì: ẹni tí páànù ya ní itan, ọmọ tí ẹ̀ka máńgòrò wó lù, ìyá arúgbó tí òjò pa títí ara rẹ̀ fi tutù bí omi àmù, ọmọ ọwọ́ tí ń yàgbẹ́ gbuuru nítorí omi àkọ́rọ̀ tí wọ́n gbè fún un mu.

Bí mo bá bi wọ́n léèrè, ìdáhùn wọn a fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bákan náà: "Nọ́ọ̀sì, ó dé bá wa lójijì ni." Ẹ dákun, ohun tí ó ń wá lọ́dọọdún ní oṣù Kẹta àti oṣù Kẹrin kì í ṣe àlejò. Ọjọ́ tí ojú ọ̀run mọ́ kedere bí ti òní yìí ni ọjọ́ ìmúrasílẹ̀.

IBI TÍ ÌJÌ TI Ń WÁ

Orúkọ wa ni Okun, ṣùgbọ́n kò sí òkun kankan nítòsí wa. Síbẹ̀, láti inú òkun ni omi òjò wa ti ń wá. Ní àkókò ọ̀gbẹlẹ̀, afẹ́fẹ́ gbígbẹ láti aṣálẹ̀ Sàhárà ni ó ń fẹ́ lórí ilẹ̀ wa. Bí oṣù Kẹta bá ti ń wọlé, afẹ́fẹ́ ọlọ́rinrin láti Òkun Àtìláńtíìkì a máa rìn bọ̀ láti ìhà gúúsù, a sì yọ́ wọ abẹ́ èyí tí ó gbẹ. Oòrùn a mú ilẹ̀ gbóná. Afẹ́fẹ́ ọlọ́rinrin náà a gbóná pẹ̀lú, a sì gbéra lọ sókè bí èéfín ti í gòkè láti inú ààrò. Bí ó ti ń gòkè ni òtútù ń mú un, títí yóò fi di ìkùukùu. Ní òkè réré, nǹkan bí kìlómítà 5 sókè, òtútù ibẹ̀ tó èyí tí í sọ omi di yìnyín, bí àwa tí a wà nílẹ̀ tilẹ̀ ń làágùn. Ẹ̀kán omi tí ó bá dé ibẹ̀ a dì. Afẹ́fẹ́ tí ń gòkè náà kò sì ní jẹ́ kí ó bọ́. A máa gbé e padà sókè, omi mìíràn a lẹ̀ mọ́ ọn, a tún dì, títí yóò fi wúwo ju ohun tí afẹ́fẹ́ lè gbé lọ. Ìgbà náà ni a ó máa gbọ́ ọ lórí páànù, gbà-gbà-gbà. Ẹni tí ó bá la yìnyín ńlá sí méjì yóò rí i pé ó ní ìpele-ìpele bí àlùbọ́sà.

Èyí tí ó ń bọ́ lọ́dọ̀ wa kì í sábà tóbi ju ẹ̀pà tàbí ekùrọ́ lọ, ṣùgbọ́n kí á má ṣe fi ojú tín-ín-rín rẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin ọdún 1986, yìnyín tí ó wọ̀n tó kìlógíráàmù 1 bọ́ ní agbègbè Gopalganj ní orílẹ̀-èdè Bangladesh, ènìyàn 92 ni ó sì kú nínú ìjì ọjọ́ náà.

Yìnyín àti òjò tí ń já bọ́ yìí ni ó ń fa afẹ́fẹ́ tútù wá sílẹ̀ pẹ̀lú agbára. Bí afẹ́fẹ́ náà bá ti kan ilẹ̀, a tú ká sí iwájú, a sì ṣáájú òjò dé. Ìdí nìyí tí ìjì fi máa ń ká òrùlé kí ẹ̀kán òjò kan tó bọ́.

Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé láti gúúsù ni omi náà ti wá, ìjì fúnra rẹ̀ sábà máa ń rìn láti ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Ẹni tí ó bá wà ní Kabba, ìhà Lọ́kọ́jà ni kí ó máa wò. Bí ibẹ̀ bá ṣú dùdù bí ìdí ìkòkò, tí ewé kankan kò mì, tí ooru sì mú ju ti ọjọ́ yòókù lọ, tí afẹ́fẹ́ tútù kan wá fẹ́ luni lójú lẹ́ẹ̀kan náà, àkókò ti kúrú. Nígbà mìíràn kò ní ju ìṣẹ́jú 10 lọ mọ́. Fóònù alágbèéká ti ràn wá lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí: ẹni tí ó bá ní ará ní Lọ́kọ́jà, kí ó sọ fún wọn pé kí wọ́n pe òun bí ìjì bá ń jà níbẹ̀, nítorí ìjì bẹ́ẹ̀ lè dé ọ̀dọ̀ wa láàárín wákàtí kan sí méjì. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni yóò dé o. Òmíràn a kú sójú ọ̀nà. Ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń ṣọ́ ojú ọjọ́, èyí tí à ń pè ní NiMet, náà a máa kéde bí ọjọ́ yóò ti rí. Ẹ máa fetí sí rédíò.

ÒRÙLÉ ÀTI ÀGBÀLÁ

Ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ara ni iṣẹ́ mi, n kì í ṣe káfíńtà. Ṣùgbọ́n èyí tí ó burú jù nínú ọgbẹ́ tí mo ń rán ní àsìkò yìí, láti orí òrùlé ni ó ti ń wá. Páànù tí afẹ́fẹ́ bá ká a máa fò bí àdá tí a jù. Nítorí náà, ẹ pe káfíńtà ní ọ̀sẹ̀ yìí, nígbà tí iṣẹ́ kò tíì pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ìjì bá ti jà tán, owó rẹ̀ yóò di ìlọ́po méjì, ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ó wo etí òrùlé dáadáa, nítorí láti etí ni afẹ́fẹ́ ti ń ráyè wọ abẹ́ páànù. Kí ó yọ ìṣó tí ó ti dípẹtà, kí ó kan òmíràn. Kí ó sì fi wáyà nípọn tàbí irin pẹlẹbẹ so igi òrùlé mọ́ ara ògiri, nítorí òrùlé tí a kàn gbé lé orí ògiri lásán kò yàtọ̀ sí fìlà tí a dé sórí.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ilé ni ó fi òkúta tẹ páànù mọ́lẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ sọ òkúta wọ̀nyí kalẹ̀. Bí páànù bá ṣí lábẹ́ òkúta, àwọn tí ó sùn nínú yàrá ni òkúta yóò bá. Bí agbára kò bá tíì tó láti pe káfíńtà, àpò tí a rọ iyanrìn sí, tí a sì fi okùn so pọ̀ kí ó má lè yẹ̀, sàn ju òkúta lọ.

Igi tí ó bá gbẹ tàbí tí ikán ti jẹ nídìí, tí ó sì fì sórí ilé, kí á gé e. Ògiri amọ̀ tí ó ti là, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tẹ́ ẹní ọmọ sí ìdí rẹ̀ láti ìsinsìnyí títí òjò yóò fi dáwọ́ dúró. Kí á la gọ́tà. Pákó, àjákù páànù, bọ́kẹ́ẹ̀tì àti àga tí ó wà ní gbangba, kí á kó wọn wọlé bí ojú ọ̀run bá ti ń ṣú. Nígbà tí ìjì bá bẹ̀rẹ̀, ẹ ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí gbogbo ará ilé wọ yàrá tí ó wà láàárín, kí wọ́n jìnnà sí fèrèsé onígíláàsì. Ọkọ tí ó bá fẹ́ jáde lọ di páànù mú pẹ̀lú ọwọ́, kí ìyàwó rẹ̀ dì í mú sílé.

MÁŃGÒRÒ ÀTI ÀRÁ

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá sọ èyí. Ìgbà tí ìjì àkọ́rọ̀ ń jà gan-an ni máńgòrò ń pọ́n. Kò sí ọmọ kan ní ilẹ̀ Okun tí kò mọ̀ pé bí afẹ́fẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, máńgòrò yóò máa já wòìwòì, ẹni tí ó bá sì kọ́kọ́ sáré dé ìdí igi ni yóò ṣa èyí tí ó dára. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní kékeré. Ọmọ tí ó ń ṣa máńgòrò nínú ìjì wà lábẹ́ ẹ̀ka tí ó lè ya, ó sì wà ní ìdí igi gíga tí àrá fẹ́ràn láti sán lù. Ìbáwí ìyá kì í dá a dúró. Ohun tí ó ṣiṣẹ́ ní ilé tèmi ni àdéhùn: kò sí ẹni tí yóò jáde nígbà ìjì, ṣùgbọ́n bí ó bá ti rọlẹ̀, gbogbo wa ni a ó jọ jáde lọ ṣa á, a ó sì pín in dọ́gba. Bí ó bá ti dá àwọn ọmọ lójú pé kò sí ẹni tí yóò ṣíwájú wọn, ara wọn a balẹ̀.

Báwo ni a ó ti mọ̀ pé ó ti rọlẹ̀? Kí á máa ka iye. Bí mànàmáná bá ti kọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kà ní ìdákọ̀ọ̀kan títí àrá yóò fi sán. Ìró a máa rin kìlómítà 1 láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 3. Bí ẹ kò bá tíì ka 30 tí ẹ fi gbọ́ ọ, àrá náà súnmọ́ tòsí tó láti pani, kí gbogbo ènìyàn wọlé. Lẹ́yìn èyí tí ẹ gbọ́ kẹ́yìn, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 30 kí ẹnikẹ́ni tó jáde. Ẹni tí ìjì bá ká mọ́ oko, kí ó má ṣe sá sí ìdí igi kan ṣoṣo tí ó dá dúró, kí ó sì sọ ọkọ́ àti àdá sílẹ̀. Abà tí a fi igi mẹ́rin gbé ró kò lè gbani lọ́wọ́ àrá. Inú ilé gidi tàbí inú mọ́tò onípáànù tí a ti gíláàsì rẹ̀ ni ó dára.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí mo fẹ́ sọ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún àwọn àgbà. Ní ilẹ̀ wa, bí àrá bá sán pa ènìyàn, a kì í fẹ́ fi ọwọ́ kan án kí àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn tó dé. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ohun tí ó gbàgbọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kò sí iná kankan nínú ara ẹni tí àrá sán lù mọ́. Ọwọ́ tí ó bá kàn án kò ní jó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì tíì kú. Ọkàn wọn ni ó dáwọ́ iṣẹ́ dúró, tí èémí sì dá. Ẹ tẹ́ ẹ sí ilẹ̀ líle ní gbèdéke. Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ kan lé orí èkejì ní àárín àyà rẹ̀, kí ẹ sì máa tẹ̀ ẹ́ wọlé tó ìwọ̀n ìka mẹ́ta, kíákíá, nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mejì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, láìsinmi, títí yóò fi mí tàbí títí ẹ ó fi dé ilé ìwòsàn. Bí ó bá rẹ ẹnìkan, kí ẹlòmíràn gbà á. Bí a bá dúró de ẹnikẹ́ni fún ìṣẹ́jú 10, ẹni tí ì bá yè ti lọ.

Ní ti yìnyín tí àwọn ọmọ ń ṣa jẹ, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ṣa á nílẹ̀. Ó ti kó erùpẹ̀ àti ìgbẹ́ adìẹ mọ́ra. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ bí ó ti rí, kí ẹ gbé abọ́ mímọ́ síta.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ Ó WÀ NÍ ILÉ

Ẹ wá àpótí kan tàbí bọ́kẹ́ẹ̀tì tí ó ní ìdérí, kí ẹ gbé e sí ibi tí gbogbo ará ilé mọ̀, àní nínú òkùnkùn. Kí tọ́ọ̀ṣì àti bátìrì rẹ̀ wà níbẹ̀. Tọ́ọ̀ṣì sàn ju àbẹ́là àti fìtílà lọ ní alẹ́ ìjì, nítorí afẹ́fẹ́ tí ó wọlé lójijì lè gbé iná sí aṣọ fèrèsé. Kí ọṣẹ, òwú, aṣọ funfun tí a fọ̀ tí a sì sá sóòrùn, bándéèjì, Paracetamol àti àpò iyọ̀ ìgbẹ́ gbuuru, ìyẹn ORS, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, oògùn àtọ̀gbẹ tàbí oògùn ikọ́ fée, kí ó ní èyí tí yóò tó o fún ọ̀sẹ̀ kan sí i nílé, nítorí igi tí ó bá wó dí ọ̀nà lè dá ọkọ̀ dúró. Afẹ́fẹ́ àti eruku tí ó ṣáájú òjò a máa dá ikọ́ fée sílẹ̀ fún ẹni tí ó ní in. Kí ó tètè wọlé, kí oògùn tí ó ń fín sí ọ̀nà ọ̀fun sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Aboyún tí oṣù rẹ̀ bá ti pé, kí ó ti di ẹrù rẹ̀, kí ó sì ti bá onímọ́tò kan sọ̀rọ̀.

Ẹ pọn omi mímu pamọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì tí ó ní ìdérí, ó kéré tán èyí tí yóò tó ilé fún ọjọ́ 3. Ẹ fi agbára sí fóònù ní ọ̀sán, nígbà tí iná bá wà. Bí ẹ bá ní ìyá tàbí bàbá arúgbó tí ń dá gbé, ẹ mú kúbùsù kan lọ fún wọn kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Arúgbó àti ọmọ tuntun kì í lè mú ara wọn gbóná bí àwa. Bí òjò bá pa wọ́n, ẹ bọ́ aṣọ tútù kúrò lára wọn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ nù wọ́n gbẹ, ẹ wọ̀ wọ́n láṣọ gbígbẹ, ẹ bo orí wọn. Ọmọ tuntun, kí ìyá rẹ̀ fi sí àyà, kí awọ kan awọ, kí á wá fi aṣọ bo àwọn méjèèjì. Ẹ má ṣe gbé e súnmọ́ iná, ẹ má sì fi ọtí ra á lára.

ÈÉFÍN TÍ A KÒ RÍ

Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò fẹ́ràn láti sọ, ṣùgbọ́n n ó sọ ọ́.

Ó ti tó ọdún mélòó kan. Ìjì jà ní alẹ́ ọjọ́ kan, iná lọ ní gbogbo àdúgbò. Ní òwúrọ̀, ìyá kan kó ọmọ mẹ́ta wá bá mi. Orí ń fọ́ gbogbo wọn, wọ́n ń bì, ẹsẹ̀ wọn kò ranlẹ̀. Mo fi ọwọ́ kan ọrùn wọn, ara ẹnikẹ́ni nínú wọn kò gbóná. Ó yẹ kí ìyẹn ti ta mí lólobó. Ìyá náà ní, "Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ó jọ pé ẹ̀wà tí a jẹ lánàá ni." Èrò pọ̀ níwájú mi. Mo fún wọn ní oògùn ibà àti omi ORS, mo ní kí wọ́n lọ sinmi. Bí wọ́n ti jókòó sábẹ́ igi níta, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí wọn, ara tù wọ́n, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n lọ. N kò béèrè ibi tí ẹ̀rọ amúnáwá wọn wà. Inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ó wà, kí òjò má bàa pa á, kí olè má sì gbé e. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n tún tàn án, wọ́n sì ti fèrèsé pa nítorí òtútù. Àwọn aládùúgbò ni ó já ilẹ̀kùn wọn ní òwúrọ̀. Ìyá àti ọmọ méjì yè lẹ́yìn tí a ti sáré gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tí ó ní ọ́síjìn. Àbíkẹ́yìn, ọmọ ọdún 4, kò yè.

Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá wá bá mi pẹ̀lú orí fífọ́ lẹ́yìn ìjì, ìbéèrè mi àkọ́kọ́ ni pé, "Ta ni orí tún ń fọ́ nílé yín? Kí ni ẹ tàn ní alẹ́ àná?"

Ohun tí ó ṣe wọ́n ni afẹ́fẹ́ olóró tí àwọn onímọ̀ ń pè ní kábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáìdì. Ó máa ń jáde láti inú ẹ̀rọ amúnáwá, láti inú èédú tí ń jó, láti inú ẹ́ńjìnnì mọ́tò. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Èéfín tí a lè rí kì í ṣe òun. Nínú ẹ̀jẹ̀ wa ni ohun kan wà tí ó ń gbé ọ́síjìn káàkiri ara. Afẹ́fẹ́ olóró yìí a máa lẹ̀ mọ́ ohun náà ju bí ọ́síjìn ti í lẹ̀ mọ́ ọn lọ, ní ìlọ́po tí ó ju 200 lọ. Ẹ̀jẹ̀ ń rìn, ṣùgbọ́n ó ń rìn lófo. Orí a máa fọ́, òòyì a máa kọ́ni, èébì a máa gbéni, oorun a wá kun ènìyàn. Ẹni tí ó bá ti sùn kò ní mọ̀ ọ́n títí.

Nítorí náà, kí ẹ̀rọ amúnáwá jìnnà sí ilé tó mítà 6, ó kéré tán, kí ẹnu èéfín rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé tiyín àti ti aládùúgbò. Ẹ kọ́ ahéré kékeré fún un tí ó ní òrùlé ṣùgbọ́n tí kò ní ògiri, kí ẹ fi ṣéènì dè é mọ́ òpó tí a rì mọ́lẹ̀. Olè kò ní rí i gbé. Iye tí ẹ ó ná kò tó nǹkan. Bí òjò bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò ṣeé tàn níta, ẹ pa á, kí ẹ sì fi tọ́ọ̀ṣì sùn. Àdògán eléèédú, ẹ sè oúnjẹ lórí rẹ̀ níta tàbí ní ilé ìdáná tí ó ní àyè gbayawu. Ẹ má ṣe gbé e wọ yàrá láti fi yá iná, bí ó ti wù kí òtútù mú tó. Ṣíṣí fèrèsé díẹ̀ kò tó láti gbani. Bí orí bá ń fọ́ ènìyàn méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nílé kan náà ní àkókò kan náà, ẹ kó gbogbo wọn jáde síta ná, ẹ pa ohun tí ń jó, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn, kódà bí ara bá ti tù wọ́n.

Ọ̀ràn yìí kì í ṣe ti àwa tí iná ń dá láàmú nìkan. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ń ka ìwé ìròyìn yìí ni ó ní ọmọ ní òkè òkun. Ní oṣù Kejì ọdún 2021, ìjì òtútù pẹ̀lú òjò dídì bo ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, ó sì dé Houston, ìlú ńlá tí kò jìnnà sí etí òkun, níbi tí àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí. Irú òtútù bẹ́ẹ̀ kò mọ́ wọn lára níbẹ̀. Iná kú ní ilé tí ó ju mílíọ̀nù 4 lọ, àwọn mìíràn sì wà nínú òkùnkùn fún ọjọ́ mélòó kan. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà ka ènìyàn 246 tí ó kú. Òtútù ni ó pa èyí tí ó pọ̀ jù, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí afẹ́fẹ́ olóró yìí pa: wọ́n gbé èédú wọlé, wọ́n tan ẹ̀rọ amúnáwá nítòsí yàrá, tàbí wọ́n jókòó sínú mọ́tò tí wọ́n tàn nínú gàréèjì tí a tì pa, kí ara wọn lè móoru.

Bí ẹ bá ń pe àwọn ọmọ yín lórí fóònù ní ìgbà òtútù, ẹ má ṣe béèrè bóyá wọ́n ti jẹun nìkan. Ẹ bi wọ́n bóyá ẹ̀rọ kékeré tí ń ké bí afẹ́fẹ́ olóró bá wà nínú ilé ń ṣiṣẹ́ nílé wọn. Bí iná bá lọ, kí gbogbo ará ilé kó sínú yàrá kan, kí wọ́n wọ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́ta sí mẹ́rin lé ara wọn, kí wọ́n dé fìlà, kí wọ́n wọ ìbọ̀sẹ̀, kí wọ́n fi aṣọ dí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, kí wọ́n má sì wa mọ́tò jáde lórí yìnyín.

LẸ́YÌN ÌJÌ

Ẹ má ṣe sáré jáde. Wáyà iná tí ó bá já sílẹ̀, kí á kà á sí ohun tí ó ń jó, àní bí iná ìjọba kò bá sí, nítorí ẹ̀rọ amúnáwá aládùúgbò lè máa rán iná sínú rẹ̀. Ẹ dúró jìnnà, pàápàá bí omi bá wà nílẹ̀, ẹ lé àwọn ọmọ kúrò, kí ẹ sì pe àwọn òṣìṣẹ́ iná. Ẹni tí wáyà mú yàtọ̀ sí ẹni tí àrá sán lù: iná ṣì wà lára rẹ̀, ẹni tí ó bá fọwọ́ kàn án yóò bá a lọ.

Ẹ wọ bàtà tí ó nípọn kí ẹ tó rìn láàárín àwókù. Ìṣó pọ̀ níbẹ̀. Ọgbẹ́ tí ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gbọn-in fún ìṣẹ́jú 10 láìṣí i wò. Bí ó bá dá, ẹ fi omi mímọ́ àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ dáadáa. Epo ẹ́ńjìnnì, eérú, taba àti ìgbẹ́ màlúù kì í ṣe oògùn ọgbẹ́. Ihò kékeré tí ìṣó gún ni mo ń bẹ̀rù ju ọgbẹ́ ńlá lọ, nítorí kì í ṣẹ̀jẹ̀, ó sì jìn. Inú rẹ̀ ni kòkòrò tẹ́tánọ́ọ̀sì fẹ́ràn, èyí tí í mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ gan tí ènìyàn kò fi lè la ẹnu. Ẹ wá gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ náà tàbí ọjọ́ kejì, ẹ má dúró kí ẹsẹ̀ wú. Ọmọ tí nǹkan bá bà lórí, kí á ṣọ́ ọ fún ọjọ́ kan gbáko. Bí ó bá ń bì léraléra, tí ó ń sùn tí kò ṣeé jí, tàbí tí omi tàbí ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní etí rẹ̀, ilé ìwòsàn ńlá ni kí ẹ gbé e lọ.

Ó wá ku omi. Òjò àkọ́rọ̀ ni ó ń fọ eruku oṣù mẹ́rin, ìgbẹ́ ẹyẹ àti ti alángbá kúrò lórí páànù. Ẹ jẹ́ kí ó ṣàn lọ. Ẹ̀yìn òjò kejì tàbí ìkẹta ni kí ẹ tó gbe dúrọ́ọ̀mù sábẹ́ rẹ̀, omi náà sì di ti ìfọṣọ ná. Kànga tí àgbàrá bá wọ̀, ẹ má mu omi rẹ̀ láìsè. Álọ́ọ̀mù a máa mú kí omi dá, ṣùgbọ́n kì í pa kòkòrò àìsàn inú rẹ̀. Ẹ sè é títí yóò fi hó kùtùkùtù fún ìṣẹ́jú kan, ẹ bò ó, kí ó tutù.

Bí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ gbuuru, tí kò sì sí àpò ORS nílé, ẹ bu omi mímọ́ lítà 1, ẹ fi ṣíbí tíì ṣúgà 6 sí i, èyí tí a fi ọ̀bẹ rẹ́ pẹlẹbẹ, àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀. Ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó fún un. Kò gbọdọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ. Ẹ máa fún un díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ má sì gba ọmú lẹ́nu ọmọ ọwọ́. Bí ojú ọmọ bá jìn wọnú, tí ó ń sunkún láìsí omijé, tí kò tọ̀ láti òwúrọ̀, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, ẹ gbé e wá, kódà bí ó bá di òru. Ẹ kan ilẹ̀kùn wa, a ó jí.